Ẹni tí wọ́n yọ lóru, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀? Ìfiwéra ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà ṣàkóso ara wọn

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ bí a ṣe ń kọ ọ́ níbí."

"Àbúrò, bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn lójú WhatsApp wa. Iṣẹ́ ìtumọ̀ là ń ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́: à ń tú ọ̀rọ̀ inú áàpù sí Yorùbá. Ará Ìbàdàn wà láàárín wa, ará Èkó, ará Kétu, ará Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, méjì ní Houston. Kútọnu ni ẹ̀gbọ́n tí mò ń sọ yìí ń gbé, "ɔ̀rɔ̀" ló sì kọ, nítorí lẹ́tà ɔ àti ɛ ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwa ti ń fi àmì sábẹ́ o àti e. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí aago mọ́kànlá alẹ́ tó lù, ádímìn ti yọ ọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mẹ́ta mìíràn ti fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde, àwa tó kù sì ń bi ara wa lábẹ́lẹ̀ pé, ta la máa lọ bá? Ádímìn yẹn náà ló dá gúrúùpù sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà la ó ti lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Mo wá lọ wo bí àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà lẹ́nu irú nǹkan báyìí fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ṣe ń ṣe tiwọn. Márùn-ún ni mo gbé sórí ìwọ̀n. Àwọn kan nínú wọn ń kọ kóòdù, òmíràn ń ya àwòrán ilẹ̀, òmíràn ń kọ ìwé ìmọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ẹ bá fẹ́ mú ọ̀kan fara wé, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kẹ́ ẹ má kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń ṣe olórí. Ẹ béèrè pé, bí olórí bá rẹ́ mi jẹ, ilẹ̀kùn wo ni mo máa lọ kàn? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lé gbogbo wọn lórí.

Python: ṣáájú 2018 àti lẹ́yìn rẹ̀

Ẹgbẹ́ yìí nìkan tó ìfiwéra méjì, torí ó ti jẹ ìjọba méjì.

Python ni èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù. Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló gbé e jáde ní 1991, òun ló sì ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ohun tó máa wọ inú rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀fẹ̀ fi í joyè apàṣẹwàá onínúure títí ayé. Ẹ̀fẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ọ̀hún rí. Ẹni tí ìpinnu rẹ̀ kò bá tẹ́ lọ́rùn, àfi kó tún padà lọ bẹ òun kan náà.

Mi ò bá àwọn tó ń bú ọ̀nà yìí bú u. Gúrúùpù ènìyàn méjìlá tó bá fẹ́ máa dìbò lórí gbogbo nǹkan kò ní tú ojú ewé kan parí lọ́dún. Lábẹ́ olùdásílẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í falẹ̀, ẹnìkan sì wà tó rántí ìdí tí a fi ṣe nǹkan báyìí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Wàhálà ibẹ̀ ni ọjọ́ tó bá rẹ olùdásílẹ̀. Ní oṣù keje 2018, lẹ́yìn awuyewuye gbígbóná lórí àmì kékeré kan báyìí, :=, Guido ní ó tó gẹ́ẹ́, ó sì ní òun kò ní yan àrólé. Ó kù sọ́wọ́ àwọn tó kù láti wá bí wọ́n ṣe máa ṣe ara wọn. Àbá ìjọba méje ni wọ́n kọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kejìlá, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún ló borí. Guido fúnra rẹ̀ wọlé sínú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ ní 2019, ó sì jókòó sí àga kan nínú márùn-ún bíi tàwọn yòókù.

Ohun méjì nínú òfin wọn ni mo jí fún ẹgbẹ́ wa. Èkínní, ènìyàn tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan náà kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ nínú ìgbìmọ̀ náà, bó ti wù kí ìbò wọn pọ̀ tó. Bí ẹni mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà bá mókè, ẹnìkan á jókòó sílé. Èkejì, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdìbò bá sọ pé àwọn kò fọkàn tán ẹnìkan mọ́, tàbí gbogbo ìgbìmọ̀ pàápàá, ó ti lọ nìyẹn. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́ mọ irú èyí. Aláàfin ń pàṣẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́mèsì wà níbẹ̀, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́ lọ́ba.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹnu ló ń yin ìgbìmọ̀ yìí. Ní 2024, wọ́n dá ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà dúró fún oṣù mẹ́ta, ìgbìmọ̀ tó dá ẹjọ́ náà sì ni ọ̀gá pátápátá lójoojúmọ́. Ariwo tó tẹ̀lé e pọ̀. Ìbò àìfọkàntán lè lé ìgbìmọ̀ lọ, àmọ́ kíkó gbogbo ìlú jọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà, ó kàn wúwo láti ṣí.

Debian: gbogbo ìlú ni ilé ẹjọ́

Ian Murdock dá Debian sílẹ̀ ní 1993. Ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni, ọ̀fẹ́ sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Láti 1998 ni wọ́n ti ní ìwé òfin. Àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ ìbò tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan, káàkiri ayé, ọdọọdún ni wọ́n sì ń yan olórí.

Wọn kì í ní kí olùdìbò mú ẹnìkan ṣoṣo. Yóò to àwọn olùdíje tẹ̀lé ara wọn bí wọ́n ṣe wù ú, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ẹni ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ kan sì wà lórí ìwé ìbò náà tó ń díje pẹ̀lú wọn: "Kò sí èyí tó wù mí nínú wọn." Olùdíje tí ọ̀rọ̀ yẹn bá nà kò lè wọlé, kódà bó bá dá gbé àpótí. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí mo mọ̀ nílé, ẹni tí kò bá ti ní alátakò, àtẹ́wọ́ ló kù.

Ti ẹjọ́ ńkọ́? Bí olórí bá ṣe ìpinnu tí kò tẹ́ ọ lọ́rùn, ìwọ àti ẹni márùn-ún tó bá tì ọ́ lẹ́yìn lè gbé e wá síwájú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ìbò wọn sì lè yí i padà. Bí Debian ṣe fi yọ lára Python nìyí: ẹni márùn-ún péré ló ń ṣí ilẹ̀kùn, o kò sì ní láti lé ẹnikẹ́ni kúrò lórí àga kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ẹ má wá rò pé ilé ayọ̀ ni o. Ní 2014, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́jọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin lórí systemd, apá kan nínú ètò náà tó ń jí àwọn yòókù nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn. Alága ló fi ohùn tirẹ̀ yanjú rẹ̀. Inú bí àwọn kan, wọ́n kó ẹrù wọn, wọ́n lọ dá Devuan sílẹ̀. Ọmọ ọba tí oyè bọ́ mọ́ lọ́wọ́ náà máa ń kó èèyàn lẹ́yìn lọ tẹ ìlú dó, àbí? Ó yàtọ̀ díẹ̀ ṣá, torí nínú irú iṣẹ́ yìí ìlú tuntun lè ṣe àdàkọ gbogbo ilé tó wà nínú ìlú àtijọ́ láìmú bíríkì kan kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ náà tún wà. Ìdìbò olórí ti jẹ́ bòńkẹ́lẹ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìdìbò lórí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù, wọ́n máa ń gbé orúkọ olúkúlùkù àti bó ṣe dìbò síta. Ní 2021, ọ̀rọ̀ Richard Stallman, ẹni tó dá Free Software Foundation tó ń jà fún ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ sílẹ̀, tó sì padà sí ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ti fi í sílẹ̀ nígbà awuyewuye, dé orí tábìlì wọn, àwọn kan sì ń bẹ̀rù ohun tí àwọn ará òde máa fi ojú wọn rí bí orúkọ wọn bá jáde. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n dìbò kí gbogbo ìbò di ìkọ̀kọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní ọmọ ní ìlú tí ẹnu ti ń kó bá ènìyàn, kó tètè ronú sí eléyìí.

Ìpèníjà Debian tó kù ni pé ó ń jẹ èèyàn. Ní 2019, gbèdéke ìforúkọsílẹ̀ olùdíje pé láìsí ẹnìkan tó jáde. Wọ́n ní láti fi ọ̀sẹ̀ kan kún un. Iṣẹ́ olórí ọ̀fẹ́, ta ló ráyè?

Apache: wákàtí 72

Apache Software Foundation, ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ kóòdù ọ̀fẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1999, kò ní pẹ́ lọ́wọ́ wa. +1 ni mo gbà. −1 ni n kò gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìyípadà nínú kóòdù, −1 kan ṣoṣo tó ohun tó ń dá a dúró, kìkì pé ẹni tó fi í sílẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó mọ́gbọ́n dání. Bí kò bá sọ ìdí, ìbò rẹ̀ kò ká nǹkan kan.

Ohun tó mú mi yà sọ́dọ̀ wọn ni aago. Ó kéré tán, wákàtí 72 ni wọ́n máa ń jẹ́ kí ìbò wà ní ṣíṣí, kí ẹni tó ń sùn nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ jáde lè jí, kó kà á, kó rò ó. Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ gúrúùpù wa. Nígbà tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá lù ní Èkó, ó ti lù ní Kútọnu náà, ṣùgbọ́n aago márùn-ún tàbí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ ní Houston, bí ìgbà bá ṣe rí lọ́dún. Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ tó sì parí. Ọ̀kan nínú wọn ló sì gbọ́ èdè Kétu jù nínú wa. Ká ní ó wà níbẹ̀ ni, ì bá ti sọ pé kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń gbé aago tó yàtọ̀, ìpinnu tí a bá ṣe láàárín wákàtí kan, ti àwọn tí kò tíì sùn nìkan ni.

OpenStreetMap: ta ló lè san owó ìwọlé?

Steve Coast ló bẹ̀rẹ̀ àwòrán ilẹ̀ ayé yìí ní 2004. Ẹgbẹ́ tó dúró fún un lábẹ́ òfin dé ní 2006, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì ń yan ìgbìmọ̀. Pọ́n-ùn 15 lọ́dún ni owó ọmọ ẹgbẹ́. Ẹni tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè yọ ọ́ nínú owó oúnjẹ ọ̀sán. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó ń ya òpópónà Port Harcourt sórí àwòrán náà láti ọdún mẹ́ta wá ní láti kọ́kọ́ wá káàdì tí báńkì rẹ̀ máa jẹ́ kó fi sanwó lókè òkun. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, ìbò wọn kò sì dọ́gba.

Owó nìkan kò sì lè ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù kọkànlá 2018, bí ìdìbò ṣe kù díẹ̀, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé wẹ́rẹ́ láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó lówó lè ra àga fún ọgọ́rùn-ún èèyàn. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò rí tirẹ̀ rà. Nígbà tó yá, wọ́n ṣí ọ̀nà mìíràn: ẹni tó bá ti ya àwòrán ní ọjọ́ 42, ó kéré tán, láàárín ọdún kan lè di ọmọ ẹgbẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí fífi owó ránṣẹ́ ṣòro fún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dárí rẹ̀ jì wọ́n. Èmi fara mọ́ ọjọ́ 42 yẹn ju pọ́n-ùn lọ. Òógùn kò ṣeé fi ránṣẹ́ ní báńkì fún ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Wikipedia: nígbà tí adájọ́ ilé bá di ọ̀tá

Ibí ni mo ti pẹ́ jù, torí ibẹ̀ ló jọ tiwa jù: èdè púpọ̀, àṣà púpọ̀, ọ̀gá díẹ̀.

Wikipedia bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Olúkúlùkù èdè, títí kan Yorùbá, ló ń ṣàkóso ara rẹ̀, ó sì ń yan àwọn alámùójútó tirẹ̀. Wọ́n á sọ fún ọ pé ìdìbò kọ́ ni, ìjíròrò ni, títí tí ohùn á fi ṣọ̀kan. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ti ń wo iṣẹ́ ara wọn, ìyẹn máa ń rìn dáadáa. Láti 2004 ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ onílàjà tí wọ́n ń dìbò yàn, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tó bá le ju ẹnu àwọn yòókù lọ.

Ẹ wá gbé Gẹ̀ẹ́sì sẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Croatia. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, àwọn alámùójútó díẹ̀ kan gba Wikipedia èdè náà mọ́ gbogbo ìlú lọ́wọ́. Wọ́n ń fọ ìtàn ìjọba Ustaše mọ́, ìyẹn ìjọba Croatia tó bá Nazi ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ẹni tó bá ṣàtúnṣe, wọ́n á yí i padà. Ẹni tó bá ṣàròyé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Àwọn orúkọ ìbòjú sì wà tó ń bá wọn dìbò. Ní 2013, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ náà sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má lò ó mọ́. Síbẹ̀, ó di 2021 kí Wikimedia Foundation, àjọ tó ń gbé Wikipedia ró, tó gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Ohun gbogbo tí wọ́n ń ṣe ló ní orúkọ nínú òfin: ìjíròrò, ìfohùnṣọ̀kan, ìdìbò. Àwọn tí wọ́n lé jáde ló gbé ẹjọ́ wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó lé wọn. Mo ka ibẹ̀ tán, mo ṣí WhatsApp wa, mo sì tún tì í.

Ti èdè Scots yàtọ̀ díẹ̀. Ní 2020 ló hàn pé ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí kò gbọ́ èdè náà ló kọ apá ńlá nínú rẹ̀, ó sì ti di alámùójútó níbẹ̀. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, ó jọ pé ìtara ló pọ̀ jù. Kò kàn sí ẹni tó tó láti sọ fún un. Nínú ilé tó ṣófo, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni baálé.

Ṣé kí àwọn tó wà lókè wá máa bá wọn dá ẹjọ́ ni? Wọ́n dán an wò ní oṣù kẹfà 2019. Foundation fi òfin de alámùójútó kan nínú Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún kan, wọn kò sì fi ẹ̀rí han ìlú. Alámùójútó tó lé ní ogún fi ipò wọn sílẹ̀. Níkẹyìn, wọ́n kó ìwé ẹjọ́ náà fún ìgbìmọ̀ onílàjà, àwọn yẹn sì tú ìdè náà ní oṣù kẹsàn-án, ṣùgbọ́n wọn kò dá irinṣẹ́ alámùójútó padà fún un. Ìdájọ́ méjì ló wà nínú ìdájọ́ yẹn, mo sì rò pé ó tọ́: ìjìyà tí a fi sọ́wọ́ òkùnkùn kò dúró, ìwà tí gbogbo ayé rí kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àárín ibi méjì yìí ni wọ́n wá tẹ̀dó sí. Ìlànà ìwà fún gbogbo èdè jáde, ìgbìmọ̀ olùdarí fọwọ́ sí i ní oṣù kejìlá 2020. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 16 sílẹ̀ tó ń dá sí i nígbà tí ètò ilé kan bá ti wó. Àga mẹ́jọ wà fún gbogbo ayé, mẹ́jọ yòókù jẹ́ ti ẹkùn, ọ̀kan fún Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà. Nínú ìdìbò àkọ́kọ́ ní 2024, gbogbo àga náà kò kún. Kí ẹkùn ní àga, ìyẹn ohun kan. Kí ẹkùn rí ẹni jókòó sí i, tí àwọn tó kù mọ̀ dáadáa tó láti dìbò fún, ìyẹn iṣẹ́ mìíràn.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú?

Bí ẹ kò bá tíì tó ogún, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí olùdásílẹ̀ máa pàṣẹ, kìkì pé kí kọ́kọ́rọ́ má wà lọ́wọ́ ẹnìkan. Kí ó tó yọ ẹnikẹ́ni, kí ádímìn méjì fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Láti ogún dé bí igba, ìgbìmọ̀ márùn-ún bíi ti Python ló bá a mu, pẹ̀lú òfin "kì í ju méjì lọ". Nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa, ìlú tàbí orílẹ̀-èdè ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò iléeṣẹ́. Bí ẹ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ sì ní àwọn tó ráyè fún ìwé òfin, ẹ lọ sọ́dọ̀ Debian. Ìfohùnṣọ̀kan lásán, láìsí ibi tí ẹjọ́ ń lọ, mi ò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀, àgàgà ẹgbẹ́ kékeré tí gbogbo yín ti mọ ara yín. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Croatia ti ń hù. Wákàtí 72 ní tirẹ̀ kò mọ kékeré, kò mọ ńlá. Ẹ mú un.

Ohun tí àwa ṣe ni pé a yan márùn-ún, méjì láti Nàìjíríà, méjì láti Benin, ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ń lọ sọ́dọ̀ mẹ́ta tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Kútọnu padà wọlé lọ́sẹ̀ kejì, ádímìn bẹ̀ ẹ́, ó ní kò tọ́pẹ́. Ó ṣì ń kọ ɔ. A gbé ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà sí ìbò, wákàtí 72 pé ní ọ̀sán Sátidé. −1 kan ti Ìbàdàn wá, −1 kan ti Kétu wá, àwọn méjèèjì sì kọ ìdí wọn, ojú ewé kan-kan. Houston ní àwọn ń bọ̀ wá kà á.